Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Lọ Bẹ̀ ní Okokomaiko

Abúlé Òkè-Agbède,
Lọ́nà Ìlarò.
Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Mujeeb Àlàó ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ, mo kí ọ kú ooru Èkó, mo kí ọ kú ìdúró de ọkọ̀ ní Ìyànà Ìbá, mo kí ọ kú iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ náà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí èyí tó jù báyìí lọ. Èmi wà dáadáa díẹ̀, orúnkún ọ̀tún mi ló ń yọ mí lẹ́nu, òun náà kò sì burú tó ti ọdún tó kọjá. Ìyá rẹ wà. Ó ní kí n má bá òun kí ọ, òun á fúnra òun kí ọ lọ́jọ́ tí o bá gbé fóònù, ìyẹn ni pé inú ń bí i, àmọ́ mi ò mọ ẹni tó ń bínú sí nínú àwa méjèèjì.

Ilé dúró. Àgbàdo ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Òjò wó igun kan lára ilé ìdáná, mo sì ti mọ ọ́n padà fúnra mi, ọwọ́ bíríkìlà ṣì wà lára mi. Ewúrẹ́ funfun ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan kú. Wọ́n sì ti ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun mọ́ ẹ̀yìn ilé-kéwú, ó ga ju gbogbo igi abúlé yìí lọ, mo wá lérò pé ìgbà tó ti sún mọ́ wa tó báyìí, ìpè mi á máa tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo pè ọ́ títí. Mo lọ dúró sídìí òpó náà gan-an, mo fọwọ́ kan irin rẹ̀, mo tún pè ọ́, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ lé mi kúrò. Bọ́sẹ̀ télọ̀ ló wá gba ohùn mi sórí Wásáàpù tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọ, ó ní àmì méjì máa jáde, tí àmì náà bá ti di búlúù, o ti gbọ́ nìyẹn. Ó di búlúù kí n tó mu omi tán. Mo jókòó ti Bọ́sẹ̀ títí ó fi fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, mò ń retí àwọ̀ tó kàn, torí mo rò pé lẹ́yìn búlúù ó yẹ kí àwọ̀ kan wà fún ẹni tó ń múra àtidáhùn. Ó ní kò sí. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Mo fẹ́ ro ọ̀rọ̀ náà fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí inú ẹ̀rọ lo ti gbọ́ ohùn mi, o kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Nígbà Iléyá tí o wálé, o gbé fóònù tí ìwọ àti Tóyìn ọ̀rẹ́ rẹ ń ṣe ní Ọ̀jọ́ sórí tábìlì, Ojúmọ́ lẹ pe orúkọ rẹ̀, ó ń dán, ìyá rẹ fi wo ojú ara rẹ̀. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí ojú rẹ fi rẹ̀. O ní iléeṣẹ́ òyìnbó kan ń sọ pé ọgbọ́n tó ń jẹ́ kí bátìrì Ojúmọ́ yára gba iná, tàwọn ni, àwọn ti kọ ọgbọ́n náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Mo ní ọgbọ́n? Ọgbọ́n tó wà nínú agbárí èèyàn, báwo ni ìjọba ṣe rí i tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀? O rẹ́rìn-ín. O ní wọ́n fẹ́ kí ẹ máa san nǹkan lórí fóònù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè fún yín ní láísẹ́ńsì. Láísẹ́ńsì tí èmi mọ̀ ni ti ìbọn bàbá mi, tí wọ́n máa ń lọ sọ dọ̀tun lọ́dọọdún, mo sì bi ọ́ bóyá fóònù náà máa ń dún gbàmù ni. O tún rẹ́rìn-ín. O ní Tóyìn fẹ́ kí ẹ san án kí ẹ sinmi, ìwọ fẹ́ kí ẹ dúró lórí ẹ̀tọ́ yín, àmọ́ ẹ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ parí, kí n má fi yọ ara mi lẹ́nu. Gbogbo ìyẹn ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó dúró sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ní ọmọ èmi Sàká wo nǹkan oní-nǹkan ṣe.

Bí o ṣe padà sí Ọ̀jọ́, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Múrítàlá àbúrò mi, ibi tó ti ń jó irin. Ó ní ìrànù ni. Ó ní ẹ̀rọ tí òun ń ṣe tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ káàkiri àgbègbè yìí, Sàngo lòun ti rí i, òun lọ wò ó, òun tún lọ wò ó, òun fi okùn wọ̀n ọ́n nígbà tí oní-nǹkan lọ jẹun, òun wálé, òun ṣe é, kò sì sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun, ta ló ń gba owó lọ́wọ́ ojú? Bọ́sẹ̀ fò dìde láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ní irọ́ ni. Ó ní ọmọbìnrin tó máa ń yọjú lójú fèrèsé òun, tó ń wo bí òun ṣe ń gé ọrùn bùbá, tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, tó ń gé ọrùn yẹn gan-an fún àwọn oníbàárà òun, òun kò tíì dárí jì í títí dòní. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọṣẹ́, á kúnlẹ̀ fún ọ̀gá, á gbálẹ̀, á fi owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ṣe fríìdọ̀m fún un, wọ́n á gbàdúrà sí i lórí, ìgbà yẹn ló tó lè dá dúró. Múrítàlá ní ta ló ṣe fríìdọ̀m fún òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe fóònù? Ọ̀rọ̀ wá di ariwo, àwọn tó wá gba irin tiwọn kò lọ mọ́, wọ́n dúró ń gbọ́.

Èmi gba ti Bọ́sẹ̀. O mọ̀ pé mo pẹ́ lẹ́yìn ọ̀gá mi ní Ìlarò, mo ru bíríkì títí irun àárín orí mi fi re, kí wọ́n tó ṣe fríìdọ̀m fún mi lójú gbogbo èèyàn. Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọ mi kò le rárá, kò ṣe fríìdọ̀m ni. Bí àgbà kan bá lọ bá àwọn ọ̀gá yẹn, tó gbé nǹkan lọ síwájú wọn, tó bẹ̀ wọ́n, wọ́n á gbàdúrà fún un, ó parí.

Mo mú obì, mo mú ìgò oyin kan, mo ki àkùkọ pupa yẹn bọ àpò, Bọ́sẹ̀ sì sìn mí. A wọ mọ́tò dé Sàngo, a wọ òmíràn dé Ìyànà Ìbá, a gba kẹ̀kẹ́ dé Okokomaiko. Ilé tí lọ́yà wọn wà, ìwọ lo júwe rẹ̀ fún mi nígbà Iléyá yẹn, ilé aláwọ̀ ewé tó ní àtẹ̀gùn níta, tí àwọn tó ń ta ṣájà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò sọ fún ọ pé mo ń bọ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti tutù tán ni mo máa yà sí ọ̀dọ̀ rẹ, kí n jókòó, kí n ní kí o fún mi lómi mu, kí n tó wá sọ ọ́ bí ìtàn.

Lọ́yà náà, ọmọdébìnrin ni, Adérónkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù nini. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì. Ó figbe ta pé Bàbá, ẹ dìde, ẹ dìde. Mo ní mi ò ní dìde. Mo ní èmi ni mo bí Mujeeb tó ni Ojúmọ́, ọmọ mi rí iṣẹ́ yín, ó wù ú, ó wò ó ṣe, kò mọ̀ pé ó ní olúwa ni, ẹ dárí jì í, ẹ bá wa sọ fún àwọn ọ̀gá yín lókè òkun kí wọ́n ṣe fríìdọ̀m fún un, ohun tí wọ́n bá ní ká gbé wá la máa gbé wá. Ọmọ náà wá gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Mo rò pé ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá rẹ̀ kí àánú lè ṣe wọ́n ni. Mo tún un sọ. Mo gbé ohùn sókè, nítorí òkè òkun jìnnà. Mo sọ orúkọ mi, mo fi ti bàbá mi kún un. Ibẹ̀ ni àkùkọ ti kọ nínú àpò, mo ní ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má ka ìyẹn mọ́ ọ̀rọ̀ mi.

Ó gba obì, ó gba oyin, ó ní òun kò lè gba àkùkọ. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ọkàn mi fúyẹ́, mo ra búrẹ́dì fún Bọ́sẹ̀, mo ní ṣé o rí i, àwọn èèyàn náà dáa. Ọjọ́ ti lọ, a kò lè yà sí Ọ̀jọ́ mọ́.

Tóyìn ló pè mí. Kò pariwo mọ́ mi, ohùn rẹ̀ kàn rẹ̀ ni. Ó ní níbi tí ẹ ti jókòó yí tábìlì ká, àwọn òyìnbó náà ti fẹ́ gbà kí ẹ máa san ìwọ̀nba, kí wọ́n má pè yín ní olè, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Lọ́yà wọn wá gbé fóònù sórí tábìlì, ohùn mi jáde. Ó ní o ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ gbólóhùn kan tán. Ó ní nígbà tí àkùkọ kọ, àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín, ìwọ dìde, o bọ́ síta, o kò wọlé mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní kí ni wọ́n tún fẹ́ bá yín dúnàá-dúrà lé lórí nígbà tí bàbá ọmọ ti jẹ́wọ́. Wọ́n bu iye tí Ojúmọ́ kò lè rù lé e lórí. Mo gbọ́ pé ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù yín tó wà lọ́jà Alábà, àwọn tó ń to fóònù náà ti túká, Tóyìn fúnra rẹ̀ ti wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Ó dùn mí, Mujeeb. Ó dùn mí wọ egungun. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí ibi tí ẹ̀bẹ̀ ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ rí. Nígbà tí ògiri tí mo mọ wó lu mọ́tò ẹnì kan, ọ̀gá mi ló dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́kọ̀, ọlọ́kọ̀ ní kó dìde, wọ́n jọ jẹ ẹ̀bà, ó tán. Kò sẹ́ni tó gba ohùn ọ̀gá mi sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ bínú sí Adérónkẹ́, pé ó kúnlẹ̀ kí mi tán ó sì ṣe mí báyìí, nígbà tó yá mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bọ́sẹ̀ kì í dá sí ọ̀rọ̀ fríìdọ̀m mọ́, ẹkún ló ń sun. Múrítàlá ti kun gbogbo ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ mìíràn, ó ní Sàngo kò jìnnà.

Àmọ́ ìyá rẹ ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Àná ó ń yan gàrí, mo jókòó tì í, mò ń ro ẹjọ́ ara mi fún un bí mo ṣe máa ń rò ó. Ó dáwọ́ dúró. Ó ní, ṣé Mujeeb sọ fún yín pé òun wò ó ṣe? Mo ní rárá. Ó ní, ṣé ẹ bi í ni? Ó padà sídìí gàrí rẹ̀.

Mi ò bi ọ́. O jókòó síwájú mi nígbà Iléyá, mo béèrè ti ìjọba, mo béèrè ti ìbọn, mi ò béèrè tìrẹ. Òyìnbó tí mi ò rí rí sọ pé o wò ó ṣe, mo gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo wà nílé lọ́jọ́ tí o tú rédíò mi palẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré, tí o tò ó padà tó ń sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Wọ́n pè ọ́ lólè, kàkà kí n dúró tì ọ́, mo wọ mọ́tò lọ bá wọn sọ ọ́.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ tọrọ. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Bọ́sẹ̀, kí n fi ra Ojúmọ́ kan lọ́wọ́ rẹ nínú èyí tó kù nílẹ̀. Má fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Rírà ni mo fẹ́ rà á, kí o já risíìtì fún mi, kí o kọ orúkọ mi sí i pé mo jẹ́ oníbàárà. Tí kò bá sí owó, má torí mi yáwó.

Kí Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ju ti Alábà lọ fún ọ. Kí ọwọ́ rẹ má wá iṣẹ́ tì. Kí àwọn tó bú sẹ́rìn-ín níbi tábìlì yẹn wá bá ọ ra ọjà. Wàá bímọ, ọmọ á sin ọ́, Ọlọ́run kò sì ní jẹ́ kí o gba ọ̀rọ̀ àjèjì gbọ́ nípa ọmọ tìrẹ láéláé. Àmín.

Mo wá ń bi ọ́ báyìí. Ó ti pẹ́, mo mọ̀. Àlàó, ṣé o wò ó ṣe ni, àbí orí ara rẹ ló ti jáde? Èyí tí o bá sọ fún mi ni mo gbà, mi ò ní bi ẹlòmíràn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàká.