Orí Tí Ìyá Rẹ Fá Nítorí Rachael

Fẹ́misí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Rachael ìyàwó wa, mo sì kí Praise ọmọ yín. Ṣé dáadáa lẹ wà ní Atlanta? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti dẹwọ́ lára yín? Ọlọ́run tó mú yín dé ibẹ̀ kò ní gbàgbé yín síbẹ̀. Àwa náà wà níbí, à ń jẹ, à ń mu, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì. Akín tó ń bá wa ṣáàjì fóònù ní oríta ni yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó jẹ́ kí tàdáwà rẹ̀ gbẹ dáadáa kó tó yà á, kó má baà lọ rá nínú fóònù, kí o wá ní mi ò mọ̀ ọ́n kọ.

Ọ̀rọ̀ Rachael ló mú mi kọ̀wé. O sọ lórí fóònù lánàá pé ó ní òun kò ní lọ gba èyí tó kù nínú oògùn jẹjẹrẹ ọyàn náà mọ́, pé ó ti sú òun, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí ló yẹ kí ẹ tún lọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó ka lẹ́tà yìí papọ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ẹ má kà á nínú mọ́tò, bí ẹ ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nínú mọ́tò lọ́hùn-ún.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú tí a rí ojú yín nínú fóònù Akín. Orí Rachael ń dán, orí tìrẹ náà ń dán. O mọ̀ pé nílé wa níbí obìnrin kì í ṣàdédé fárí, àfi tí ọkọ rẹ̀ bá kú. Ṣùgbọ́n ọkọ Rachael ló jókòó tì í yìí tí òun náà fárí. Ìyá rẹ wo fóònù, ó wò mí, ó fà mí létí, ó ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ní kí ni kí n sọ. Ó ní ó ti tó, pé ó kù díẹ̀ kí òun rò pé èmi ni mo kú. Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. A wá jókòó tí à ń ka mọ̀lẹ́bí lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló kú tí wọn ò sọ fún wa? Mo tiẹ̀ dìde lọ wo àbúrò bàbá mi nílé rẹ̀. Mo bá a tó ń jẹ ẹ̀kọ, inú mi sì dùn débi pé mo bá a jẹ níbẹ̀.

Ìgbà tí o pè padà lánàá lo tó ṣàlàyé pé oògùn ló kó irun Rachael lọ, àti pé ìwọ náà fá tìrẹ kó má baà dá wà. O káre. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, bóyá ni mo lè ṣe é, torí irun orí mi ni ìyá rẹ kọ́kọ́ rí kó tó rí mi. O tún ní wọ́n ń ti okùn bọ ihò kan tí wọ́n ṣe sí i láyà kí oògùn lè gba ibẹ̀ wọlé, àti pé tó bá délé kì í lágbára láti gbé ṣíbí. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Akín, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Akín ní wọ́n ń yọ ọ́ kó tó kún ni. Jọ̀ọ́, sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n jẹ́ kó kún dáadáa kí wọ́n tó yọ okùn, kí wọ́n má sì fi wáyà ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀.

Ní ti Inṣọ́ránsì tó ń san owó ọsibítù, àràárọ̀ ni ìyá rẹ ń gbàdúrà fún bàbá náà, ó sì ti ṣa iṣu tó dáa sọ́tọ̀ fún un. Èyí tí o ní ó kọ́kọ́ kọ̀ láti sanwó oògùn tí kì í jẹ́ kí Rachael bì, má bínú sí i. Àgbà ni, ẹrù èèyàn púpọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Kí Rachael lọ kí i nílé, kó kúnlẹ̀ dáadáa. Stone Mountain lẹ́bàá Atlanta tí ẹ ń gbé yẹn tún ń kọ mí lóminú. Akín ní òkè olókùúta ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì dáa kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá máa gun òkè kó tó délé. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Ó wá ku ìyá rẹ. Nígbà tí o sọ̀rọ̀ tán lánàá, ìyá rẹ wé gèlè, ó jáde, mo rò pé ata ló lọ rà. Ọ̀dọ̀ Abdussalam onígbàjámọ̀ ló lọ, ó ní kó fá gbogbo irun orí òun. Abdussalam ní òun kò jẹ́ fá orí obìnrin tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kíra láàárọ̀. Ìyá rẹ ní tí kò bá fá a, òun á gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, òun á fá a fúnra òun. Bó ṣe délé ni inú bí mi, mo ní ṣé mo ti kú ni? Ó ní kí n jókòó. Ó ní orí tí Fẹ́misí fá dáa, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, gbogbo ìgbà lọkùnrin ń fárí, ta ní ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Rachael nìkan ni obìnrin tí orí rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, òun kò sì ní jẹ́ kó dá a gbé. Mo lọ wẹ̀.

Ibi tí mo ti ń wẹ̀ ni mo ti gbọ́ igbe. Ìyá Wọlé aládùúgbò wa ti rí orí ìyá rẹ lójú ọ̀nà, ó sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti lọ. Wọ́n ya dé tẹkúntẹkún. Wọ́n bá ìyá rẹ nídìí odó tó ń gúnyán, wọ́n bi í pé ta ló ń gún un fún, ó ní Bàbá Fẹ́misí ni, pé ó ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ẹkún wá le sí i. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ti da obìnrin yìí lórí rú, wọ́n gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn ilé, ọṣẹ wà lójú mi, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn mi. Wọ́n ní mo lawọ́. Ìyá Wọlé gan-an, tó pè mí ní ahun nítorí àgbàdo lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní irú mi ṣọ̀wọ́n. Mo fẹ́ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ parí, ṣùgbọ́n òtútù ń mú mi, iyán sì ń tutù. Mo so táwẹ̀lì mọ́dìí, mo jáde sí wọn, mo ní ẹ káàbọ̀. Díákónì ìjọ wa, tó ní ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí òun wá síbi iṣẹ́ ìjọ láti ọjọ́ yìí, fo ọgbà gbágùúdá kọjá.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, ìyá rẹ sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó kú, pé ìyàwó ọmọ òun ló ń gba oògùn, àti pé orí tí òun fá kì í ṣe orí ọ̀fọ̀. Ìyá Wọlé béèrè orúkọ Rachael, wọ́n sì fi ẹkún tó kù lẹ́nu wọn gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ iyán mi tán. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n èyí tó bọ́ kẹ́yìn kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ìyàwó rẹ.

Rachael, mo mọ̀ pé oògùn náà le. Èmi kò gbà á rí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Fẹ́misí ní o kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nítorí ojú èèyàn. Jẹ́ kí wọ́n wò. Èmi tí wọ́n ti sunkún mi tán rèé, mo ṣì ń béèrè oúnjẹ. Kí Fẹ́misí gbàyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Douglasville ní Ọjọ́bọ̀, kó gbé ọ lọ, kó jókòó tì ọ́ títí wọ́n á fi parí, kó má sì máa tẹ fóònù.

Fẹ́misí, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. O ní agogo kan wà ní ọsibítù yẹn tí aláìsàn máa ń lù lọ́jọ́ tó bá gba oògùn rẹ̀ tán. A fẹ́ gbọ́ ọ. Mo fẹ́ ra dátà pamọ́ kí fóònù má baà já nígbà tí Rachael bá ń lù ú. Má fi í gba báńkì, torí ẹ̀rọ wọn gbé káàdì mi mì nígbà kan, mo dúró tì í títí pé bóyá á bì í, kò bì í. Fi í sọ́wọ́ Akín.

Ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó papọ̀. Ọlọ́run á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti oògùn náà lẹ́yìn. Rachael, wàá gbé ọmọ Praise pọ̀n. Irun rẹ á hù, á sì gùn. Ìyá yín ti búra pé ti òun kò ní hù ṣáájú tìrẹ, ó ní lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni òun á máa padà lọ bá Abdussalam, obìnrin yìí kì í sì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi fẹ́ràn irun ìyàwó mi. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, lọ gba oògùn náà.

Èmi ni bàbá yín.