Ẹkùn Oríta Sekona

Ìyàwó wa Sìmbíátù, ìyá Azeemah, ó pé ọdún mẹ́ta lónìí tí o fi ilé yìí sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Ata tó máa ń jẹ́ kí imú Àlàájì Salman, àgbà ilé wa, ṣomi bí ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ata náà bá ọ lọ. Láti ìgbà náà, ọbẹ̀ wa kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún mọ́.

Àgbàlá tí o ti máa ń kó àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ jọ ní Sátidé kò tíì hu koríko. Ibo ni koríko ti fẹ́ ráyè? A rò pé eré lásán lo ń bá wọn ṣe nígbà náà. Tí ẹ bá ń díje ta ló máa kọ́kọ́ de bọ́tìnì tán, a ó máa rẹ́rìn-ín. Lónìí, Roqeeb, ọ̀kan nínú wọn, ń wọ aṣọ fúnra rẹ̀, ó tún ń ṣe fáàrí ju ọkọ ìyàwó lọ!

Ti Azeemah, eré ẹkùn ni. Wàá fi eérú fa títì sílẹ̀, wàá wé gèlè pupa, wàá di ẹkùn, ọmọ a di ewúrẹ́. Bí ẹkùn bá bú ramúramù, kí ewúrẹ́ dúró. Bí ẹkùn bá kọjá, kí ewúrẹ́ wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó sọdá. O ní ọkọ̀ àti ọ̀kadà ni ẹkùn yẹn, kí ọmọ lè máa dá sọdá lọ sí ìsọ̀ Comfort aránṣọ, níbi tó ti ń gán bọ́tìnì.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí o lọ, Azeemah dé etí títì, ó dúró. Ọkọ̀ kọjá, ọ̀kadà kọjá, títì dá wáí, kò sọdá. Ó dúró títí ẹyẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ìtẹ́ sí i lórí! Teslim àbúrò ọkọ rẹ ní kó kúkú jókòó sílé, pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ìgbà tí Sàídì ọkọ rẹ lóṣòó tì í, tó bi í léèrè, ló tó dáhùn: "Ẹkùn ò tíì bú."

Áà! Ọmọ mọ ẹkùn, kò mọ ọkọ̀. Ohùn rẹ ló ń dúró dè.

O ò rí ọkọ rẹ! Ọkùnrin tí kì í fi eyín han àna ló wé gèlè rẹ mọ́rí ní oríta Sekona, ló ń ké "Hùn-ùn! Hùn-ùn!" Ewúrẹ́ àdúgbò Alajue tó gbọ́ ọ kò tíì padà wálé dòní! Àwọn ọlọ́kadà ní, "Bàbá Azeemah, ṣé kò sí o?" Ó ní, "Ẹkùn ni mí, ẹ yà fún mi!" Azeemah rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọdá.

Ojoojúmọ́ ni ọkọ rẹ ń bú, fún ọdún méjì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fà sẹ́yìn: láti etí títì dé ìdí máńgòrò, láti ìdí máńgòrò dé ẹnu ọ̀nà ilé, títí tó fi di pé ikọ́ lásán ló ń wú.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, ibà dá a dùbúlẹ̀, ikọ́ pàápàá kò sí. A rántí ọmọ, gbogbo ilé tú síta pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan! Azeemah ti wà ní òdìkejì, níwájú ìsọ̀ Comfort. Ó yíjú padà, ó wò wá, ó ní, "Hùn-ùn!" Àlàájì Salman, ẹni ọgọ́rin ọdún, dúró gbagidi bí ewúrẹ́.

Azeemah ni ẹkùn Sátidé báyìí. Gèlè rẹ ló ń wé. Ó ń kọ́ Hasanat, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ní sísọdá lọ́wọ́. Tó bá ti bú, gbogbo wa a kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ìwọ lo wọlé.

Ìyàwó wa, ìwọ ti sọdá. Kí Ọlọ́hun fi ọ́ sí àlùjáńnà. Àárò rẹ ń sọ wá, ìfẹ́ rẹ kò dín, àmọ́ a ò kánjú o! Bí o bá rí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fẹ́ sọdá kí àsìkò tó tó, jọ̀ọ́, bú ramúramù. A mọ ohùn rẹ. A ó dúró.