Merle Iris Tranter, Ẹni Tó Rán Ìjókòó Pupa (1944–2017)

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2017, ọkọ̀ akódọ̀tí dúró níwájú ilé Màmá Merle Tranter ní òpópónà Wattle, Kelby Downs. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ gbé ìjókòó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi awọ pupa bò, wọ́n jù wọ́n sẹ́nu irin tó ń rún ìdọ̀tí, irin náà sì rún wọn. Ọdún mẹ́jọ ni Màmá fi ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ̀yin tí ẹ wá síbi ìsìnkú yìí ti gbọ́ ọ lóríṣiríṣi. Àwọn kan nínú yín ní àṣìṣe ni. Ẹbí kọ ìtàn yìí kí ẹ lè mọ ẹni tí wọ́n ṣe àṣìṣe náà sí.

A bí Merle Iris Hobley ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1944 ní Peterborough, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní ìpínlẹ̀ South Australia. Alf Hobley ni bàbá wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kíkó èédú sínú iná ọkọ̀ ojú irin. Ivy ni ìyá wọn, ọmọ àgbẹ̀ tó ń gbin àlìkámà. Màmá ni ọmọ kẹrin nínú mẹ́fà. Nígbà ọ̀dá, omi ìwẹ̀ kan náà ni gbogbo ọmọ ilé ń lò tẹ̀ léra, láti orí àgbà dé orí kékeré. Kí omi náà tó kan Merle, ó ti dúdú. Aṣọ òtútù tí wọ́n wọ lọ sílé ìwé ti kọ́kọ́ jẹ́ ti Lorna ẹ̀gbọ́n wọn, kí ó tó jẹ́ ti Lorna ó ti jẹ́ ti ìbátan kan tó ti kú.

Ní ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ìṣirò ni wọ́n mọ̀ jù. Ní ọdún 1958, àìsàn àyà dá ìyá wọn dùbúlẹ̀, bàbá wọn sì ní kí Merle má lọ sílé ìwé mọ́, kí ó máa se oúnjẹ. Míìsì Quill, olùkọ́ wọn, fi ẹsẹ̀ rìn wá sílé.

“Ọ̀gbẹ́ni Hobley, orí ọmọ yìí pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó padà wá.”

Alf Hobley kò dìde lórí àga. “Orí tó pé kì í se ẹran, Míìsì.”

Merle wà nídìí ọ̀dùnkún tí wọ́n ń bó lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ ọ, wọn kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Ní ọdún 1962, wọ́n wá sọ́dọ̀ àǹtí wọn ní Kelby Downs, wọ́n sì ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, ní yàrá ìránṣọ. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń rán awọ oníke tí wọ́n fi ń bo ìjókòó. Àwọn ọkùnrin ni ọ̀gá, owó ọkùnrin sì pọ̀ ju ti obìnrin lọ fún wákàtí kan náà. Èèwọ̀ kan wà ní yàrá yẹn: ẹnikẹ́ni kì í jókòó lórí ìjókòó tuntun kí wọ́n tó dè é mọ́nú ọkọ̀. Ìdí èèyàn a máa fi ìlà sára awọ, ìlà náà kì í sì í lọ mọ́. Nítorí náà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá fi rán ìjókòó tí ẹlòmíràn máa kọ́kọ́ jókòó lé. Ní ọdún 1971, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún ìka wọn já sódì kejì. Ọ̀gá sáré dé. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, “Merle, má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yẹn kán sórí awọ funfun o!” Ní ọdún 1993, tí ọwọ́ méjèèjì ti wú, tí ìka kò ká dáadáa mọ́, wọ́n ní kí Màmá máa lọ sílé. Wọ́n fún wọn ní aago ara ògiri. Aago náà kò ṣiṣẹ́ ju ìgbà òtútù kan lọ.

Ní ọjọ́ ogún oṣù kọkànlá ọdún 1965, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Clem Tranter, ẹni tó ń kun ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan náà. Glenys dé ní ọdún 1968, Russell ní ọdún 1971. Ní ọdún 1969, Clem ra ọkọ̀ Holden EH tí wọ́n ṣe ní ọdún 1964, tí ẹni mẹ́ta ti lò kọjá. Ìjókòó rẹ̀ pupa, òórùn sìgá ẹlòmíràn sì wà nínú rẹ̀. Òun náà ni wọ́n ń gbé lọ sétí òkun nígbà ìsinmi Kérésì, tí ooru á mú awọ yẹn gbóná débi pé àwọn ọmọ á tẹ́ aṣọ ìnura kí itan wọn má baà bó.

Ní ọdún 1989, Russell fi ayùn gé pátákó inú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún la ẹ̀yìn ìjókòó, kí ó lè ki ẹ̀rọ agbóhùnsókè bọ̀ ọ́. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, á dùn bí ẹni pé ẹgbẹ́ olórin wà nínú bọ́ọ̀tù.” Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó ra ọkọ̀ tirẹ̀, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ó sì fi ihò sílẹ̀. Ọkọ̀ náà wọnú gàréèjì, wọ́n fi tapólì bò ó.

Ẹ̀dọ̀fóró Clem, tó ti ń fa ọ̀dà ọkọ̀ símú láti ìgbà èwe rẹ̀, dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2008, ó sì kú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Màmá ká tapólì yẹn kúrò. Wọ́n sọ fún Glenys pé, “Mo ti rán ti gbogbo ayé. Mo fẹ́ rán tèmi, kí n jókòó lé e, kí n wà á lọ sí Peterborough, kí Lorna rí mi.” Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Èkúté ti kọ́lé sínú fóòmù. Màmá tú awọ àtijọ́ ní ojú rírán kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kí ó lè tẹ́, wọ́n sì ń gé tuntun lé e lórí. Wọ́n ha ìpẹtà kúrò lára sípíríǹgì, wọ́n kùn ún. Wọ́n ṣe pátákó ilẹ̀kùn tuntun, wọ́n na aṣọ òrùlé inú ọkọ̀, wọ́n gé kápẹ́ẹ̀tì. Ìjókòó ni wọ́n fi ṣe ìgbẹ̀yìn nítorí òun ló le jù. Ìka wọn kò gbà ju ojú rírán díẹ̀ lọ láàárọ̀, bí òtútù bá sì mú, kò gba ìkankan. Wọ́n rán ẹ̀yìn ìjókòó iwájú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì tú u lẹ́ẹ̀mejì, nítorí okùn funfun etí rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ẹlòmíràn kò lè rí wíwọ́ yẹn.

Darryl Pobjoy, aládùúgbò wọn, a máa gbórí lé ọgbà: “Merle, èwo ló máa kọ́kọ́ dé sàréè, ìwọ ni àbí ọkọ̀ yẹn?”

“Ìwọ ni, Darryl. Bíà ló máa gbé ọ lọ.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Darryl mọ iṣẹ́ tí Màmá ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn.

Ẹni tó bá ti bo ìjókòó rí mọ̀ pé oòrùn ló ń parí rẹ̀. Bí awọ oníke bá ti wọ ara sípíríǹgì tán, tí òrùka irin ti dì í mú, ó ṣì máa ń hunjọ. Wọ́n á gbé e sínú oòrùn, awọ á rọ̀, á na, gbogbo ìhunjọ á lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni Màmá ń sá tiwọn sí. Ní ọdún 2014, Russell ní kí wọ́n kọ́ ilé kékeré méjì síbẹ̀ fún àwọn ayálégbé.

“Koríko lásán ni, Màmá. Kí lẹ ń fi ṣe?”

“Oòrùn ni mò ń fi ṣe.”

“Oòrùn kì í san owó ilé.”

Wọ́n kọ́ ọ. Ògiri rẹ̀ gba oòrùn ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀ dé alẹ́. Russell ní kí ẹbí má kọ ìyẹn síhìn-ín. Ẹbí ti kọ ọ́.

Ibi kan ṣoṣo tó kù ni koríko etí títì níwájú ilé. Gbogbo yín mọ òfin koríko yẹn. Ìjọba ló ni ín, onílé ló ń gé e, ohunkóhun tí èèyàn bá sì gbé síbẹ̀ nígbà ìkódọ̀tí ńlá, tí ọkọ̀ ń wá kó ẹrù ilé tó ti bàjẹ́, ti di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i. Àga mẹ́rin tó wà ní ilé ìdáná Màmá, etí títì ni wọ́n ti he wọ́n. Wọ́n mọ òfin náà dáadáa. Wọn kò pe akódọ̀tí. Darryl ló pè é. Ilé alágbèéká tí Darryl ń fà lọ fún ìsinmi ló wà lórí koríko tirẹ̀, nítorí náà ó kó bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì rẹ̀ tó bàjẹ́ sórí ti Màmá, kò tọrọ àyè, kò sì sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, iṣẹ́ ti parí. Ní alẹ́ àná rẹ̀, Màmá ti da gbogbo awọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọn tuntun nù, torí wọn kò nílò rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ọmọlanke gbé ìjókòó méjèèjì jáde, wọ́n tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì mímọ́ sábẹ́ wọn, wọ́n gbé wọn kọjú sí oòrùn. Ọ̀sán ni Glenys máa wá láti bá wọn dè é mọ́nú ọkọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa lọ sí Peterborough. Màmá wọlé lọ gbé omi tíì kaná.

Ariwo irin ni wọ́n gbọ́. Wọ́n jáde pẹ̀lú sálúbàtà. “Ẹ dá a dúró! Ìjókòó mi nìyẹn! Ẹ dá a dúró!”

Awakọ̀ yọ orí jáde. “Ìyá dáadáa, ohun tó bá ti wà lórí koríko, ẹrù wa ni.”

Darryl dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Merle, mo rò pé o ti jáwọ́ nínú ẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ bá wọn gbé ọ̀kan.”

Awọ yẹn ń dán. Aṣọ mímọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bá wọn gbé ọ̀kan.

Màmá pe ọ́fíìsì tó ni ọkọ̀ náà. Obìnrin tó gbé fóònù béèrè pé, “Ṣé ẹ so àkọlé mọ́ ọn pé kì í ṣe ìdọ̀tí?”

Màmá ní, “Ṣé ìwọ so àkọlé mọ́ ìyá rẹ ni?”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ́fíìsì náà fún wọn ní ìtura: wọ́n lè pe akódọ̀tí lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti kékeré, wọ́n sì wà nínú ìjọ yìí láti ọdún 1966. Tìmùtìmù tí ẹ jókòó lé báyìí, àwọn ni wọ́n rán an, gbogbo rẹ̀. Ní ìlú, wọ́n ń tún àga ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ṣe láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún àwọn arúgbó ní Ọjọ́bọ̀, àwọn kan nínú àwọn arúgbó náà kò tó wọn lọ́jọ́ orí.

Glenys rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun á máa gé e, kí wọ́n máa darí òun. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì kí ó lè wò ó. “Kí la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n? Ọwọ́ yìí ti ṣe tán, ọmọ mi.” Wọn kò wọ gàréèjì mọ́. Tíì wọn a máa tutù sínú ife. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ọdún 2017, Màmá sùn, wọn kò jí. Dókítà kọ ọ́ pé ọkàn ni. Ẹbí kò bá dókítà jiyàn.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé ni Lorna ẹ̀gbọ́n wọn ní Peterborough. Àwọn ọmọ wọn, Glenys àti Russell. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Tamsin, Kodie àti Brock. Àti Elsie, ọmọ Tamsin, tí wọ́n rán aṣọ ìbatisí fún. Russell ti ń wá ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má rà á. Ẹbí sì bẹ Ọ̀gbẹ́ni Pobjoy pé kí ó má gbé pósí.

Màmá, kí ilẹ̀ rọ̀ fún yín. Kí Olúwa fún yín ní ìjókòó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní sọ fún yín pé ẹ dìde.

Ìjókòó pupa méjì ni wọ́n rún. Màmá kò jókòó lórí èyíkéyìí nínú wọn.