Balùwẹ̀ Tí A Gbà Láìrí Omi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Bàbá, mo kí àbúrò mi Gàníyù àti gbogbo ará ilé ní Ìsọlọ̀. Ṣé itan tí Bàbá fi ṣubú ti ń fúyẹ́? Yìnyín ti bo gbogbo ìta ní Kánádà níbí. Láti ìdájí ni mo ti ń to páìpù láti ilé kan sí òmíràn, màá sì padà sí yàrá mi láìsí ẹni tí yóò kí mi kú iṣẹ́.

Màmá, ẹ ní kí n fi ọ̀rọ̀ púlọ́ńbà tó ṣe balùwẹ̀ yín yẹn sílẹ̀, pé ó ti wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Mi ò fi í sílẹ̀. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ tó parí iṣẹ́. Kò síná lọ́jọ́ náà, kò sí omi nínú táǹkì. Ẹ wo táìsì tó ń dán, ẹ se ìrẹsì fún un, ẹ ṣàdúrà sí ọwọ́ rẹ̀, ó sì gba Èjìgbò lọ. Gàníyù ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Èmi tí mò ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, tí ọ̀gá mi máa ń rán lọ yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò kí onílé tó gbà á, mo wo fọ́tò, mo ní ó dára gan-an. Mi ò bèèrè bóyá wọ́n ti fi omi dán an wò. Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Bàbá yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ náà. Mo wá ní kí Gàníyù ṣe fídíò. Mo ní kó da omi korobá kan sílẹ̀. Dípò kí omi gba ojú ihò lọ, ẹnu ọ̀nà ló sá lọ, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ relé. Mo ní kó fi kọ́kọ́rọ́ gbá táìsì, ìró rẹ̀ fi hàn pé abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Mo ní kó di páìpù ṣáwà mú, ó ń mì bí eyín ọmọdé. Ògiri yàrá yín sì ti rin, nítorí pé púlọ́ńbà náà lẹ táìsì bo páìpù láìdán an wò. Ṣebí ká tó lẹ táìsì, ká rọ omi kún inú páìpù, ká dí i lẹ́nu, ká fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ni.

Gàníyù ní nígbà tí òun sọ ọ́ fún púlọ́ńbà náà, ó fèsì pé obìnrin ò lè ti òkèèrè kọ́ òun níṣẹ́. Ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ rèé: kó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ gbogbo táìsì yẹn, lójú Àlájì ilé kejì tó fẹ́ gbé iṣẹ́ balùwẹ̀ mẹ́rin fún un. Kí Àlájì rí páìpù tó ń jò. Tó bá gba iṣẹ́ ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀, inú mi yóò dùn, mi ò ní purọ́.

Ẹ ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Gàníyù ló sọ fún mi, ẹ̀yin ò sọ ọ́, pé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń fi táwẹ́lì nu Bàbá lára, Bàbá tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pọn omi ìwẹ̀. Ọjọ́ tí Bàbá bá dúró wẹ̀ nínú balùwẹ̀ yẹn láìdi ẹnikẹ́ni mú, ẹ pè mí. Ọjọ́ náà ni màá dárí ji púlọ́ńbà yẹn.

Ọlọ́run yóò fún Bàbá ní ẹsẹ̀ tó le, yóò sì dá ẹ̀yin sí fún mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí kò tíì dárí jini,
Sìdíkátù