Ibi Tí Wọ́n Sin Féichín Sí

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Òkúdù, 1968

Àlejò dé. Láti Cleveland, ní Amẹ́ríkà — obìnrin arúgbó kan, Ìyáàfin Loretta Novak. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fò lórí òkúta ojú ọ̀nà wa bí ẹyẹ etíkun. Màmá Ẹyẹ ni mo sọ ọ́ lọ́kàn mi kó tó jókòó rárá.

Ó mu tíì, ó jẹ búrẹ́dì mi, ó wá sọ ohun tó gbé e wá. Ìyá ìyá rẹ̀, Sorcha Padden, ará ìlú wa níbí ni. Lẹ́yìn ọdún Ìyàn, nígbà tí ọ̀dùnkún jẹrà káàkiri ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn, ni òun àti ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan, Féichín, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ibà mú un lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ, ọkọ̀ ò sì gba aláìsàn. Wọ́n fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò kan pé àwọn á ránṣẹ́ wá mú un. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́, èsì tó dé ni pé ọmọ ti kú.

Ibojì ọmọ náà ló ń wá. Ó gbé ìgò kékeré kan kalẹ̀ lórí tábìlì — yẹ̀pẹ̀ orí ibojì Sorcha ló wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ dà á sórí ibi tí ọmọ sùn sí. Ó wí fún mi pé, "Nábla, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ìyá mi àgbà di ọwọ́ mi mú, tó ní kí n má jẹ́ kí Féichín dá sùn. Mo ti di arúgbó báyìí, mi ò tíì ṣe é."

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún, ló máa padà. Mo ní màá bá a wá a. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Kábíyèsí ti gbọ́. (Ẹ̀gbọ́n mi Antaine, tó ń jọba lórí màlúù díẹ̀ àti èmi.) Ó ju fìlà sílẹ̀.

"Padden? O pe Padden wọ ilé yìí, o tún fún un ní bọ́tà?"

Mo ní ibojì ló ń wá.

"Ibojì lónìí, pápá lọ́la! O ò mọ àwọn ará Amẹ́ríkà ni? Wọ́n á kọ́kọ́ sunkún, lẹ́yìn náà wọ́n á pe lọ́yà."

Pápá Padden, tó wà lẹ́yìn ògiri wa, ni koríko rẹ̀ dára jù nínú gbogbo ilẹ̀ wa. Àwa Ginty la ti ń gé e látìgbà tí àwọn Padden ti lọ. Kò sẹ́ni tó tà á fún wa. Kò sẹ́ni tó bi wá. Kábíyèsí ní mi ò gbọdọ̀ bá obìnrin náà rìn mọ́. Mo ní mo ti gbọ́ — mo gbọ́ lóòótọ́, mi ò sọ pé mo gbà.

Ọjọ́bọ̀, 13

A lọ sọ́dọ̀ Bríd Togher, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tó mọ ibi tí gbogbo òkú ìlú yìí wà. Màmá Ẹyẹ bi í léèrè Féichín Padden. Bríd ní adìyẹ òun pupa kò yé ẹyin mọ́. Mo tún un béèrè. Ó ní bóyá oúnjẹ rẹ̀ ni.

"Màmá Bríd, ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ là ń sọ o."

"Èmi náà ń sọ ti adìyẹ mi, Nábla Ginty. Kí oníkálukú mú tiẹ̀."

Ó wá tẹjú mọ́ mi, bí ẹni tí àánú mi ń ṣe. Èmi kẹ̀!

Lẹ́yìn náà, ibi tí wọ́n sin àwọn tí ìyàn pa. Koríko, òkúta tí kò lórúkọ, òórùn iyọ̀ òkun. Kò sí nǹkan kan. Féichín ni orúkọ ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ìlú wa, gbogbo ilé ló ní Féichín tiẹ̀, bàbá bàbá wa gan-an ń jẹ́ ẹ. Ta ni yóò mọ èwo lèwo?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Kùrukùru bo ohun gbogbo. A ò rí òkun, à ń gbọ́ ọ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Oorun gbé mi lọ lórí àga lẹ́yìn Máàsì. Mo lálàá. Ọmọ kékeré kan jókòó sórí ògiri Padden, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Mo ní kó sọ̀kalẹ̀ wá jẹun. Ó ní òun ti jẹun. Ó ní òun ti jẹun púpọ̀, ọjọ́ pẹ́.

Nígbà tí mo jí, búrẹ́dì ti jóná. Títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀, kí àlá náà má baà sá lọ. Ó dùn mọ́ mi. Mi ò mọ ìdí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

A wọ inú ilé Padden. Ògiri nìkan ló kù, ojú ọ̀run ni òrùlé. Màmá Ẹyẹ bọ́ bàtà, ó dúró sídìí ààrò, ó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Sorcha bímọ márùn-ún sí i ní Amẹ́ríkà. Ìyá Màmá Ẹyẹ ni àbíkẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi Sorcha pé ọmọ mélòó ló ní, mẹ́fà ló máa ń pè.

Koríko ga dé orúnkún wa. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi náà ń bá a lọ, mò ń bá a bọ̀. Kábíyèsí dúró lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú dòjé lọ́wọ́. Kò gé nǹkan kan. Ìrìn obìnrin náà ló ń wò.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo sọ fún Màmá Ẹyẹ pé pápá tó ń rìn lórí rẹ̀, ti ìyá rẹ̀ àgbà ni, kì í ṣe tiwa. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ìloro ilé mi gan-an ń rẹ̀ mí láti gbá. Kí ni n ó fi pápá ṣe? Ẹ máa gé koríko yín o jàre."

Mo sáré wálé. Mo rò pé inú Kábíyèsí á dùn. Ṣe ló jókòó, tó fọwọ́ bojú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́? Kò fẹ́ pápá."

"Mo gbọ́."

"Ṣebí ohun tó ń bà yín lẹ́rù nìyẹn?"

Ó dìde, ó jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn màlúù. Kì í ṣe pápá nígbà náà. Kí ni? Ẹ̀rù ti wá ń ba èmi náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Kò jẹun. Ó bi mí bóyá lọ́jọ́ Àìkú náà ni obìnrin yẹn ṣì máa lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ fá irùngbọ̀n rẹ̀ — lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tí kì í fá a àfi fún Máàsì!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kábíyèsí wọ kóòtù Máàsì, ó ní kí èmi àti Màmá Ẹyẹ máa bọ̀. Ó mú wa lọ sí ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró níwájú ibojì tiwa, ibojì àwọn Ginty. Ó ṣí fìlà.

"Màmá, ibí ni Féichín yín wà. Kò kú lọ́mọdé. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni nígbà tó kú. Bàbá bàbá wa ni."

Ó ní Úna ni aládùúgbò tí wọ́n fi ọmọ sí lọ́wọ́ — Úna Ginty, tí a mọ̀ sí ìyá bàbá bàbá wa, tí wọ́n máa ń ròyìn fún wa pé Ọlọ́run fi ọmọ kan ṣoṣo dá lọ́lá nígbà tó ti ń darúgbó. Kò bímọ rí. Òun ló jókòó ti ọmọ náà títí ibà fi lọ, ọmọ sì ń pè é ní màmá. Nígbà tí Sorcha ránṣẹ́, Úna ránṣẹ́ padà pé ọmọ ti kú. Gbogbo ìlú mọ̀, gbogbo ìlú panu mọ́. Bàbá wa sọ ọ́ fún Kábíyèsí nígbà tó fẹ́ kú, ó ní kó má sọ fún mi, pé ẹnu mi ò dúró.

"Kì í ṣe pápá ni mò ń ṣọ́," ni Kábíyèsí wí. "Orúkọ wa ni."

Padden ni wá, nígbà náà. Bàbá wa àti Màmá Ẹyẹ, ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Mo ti ń fún ẹ̀jẹ̀ mi ní tíì láti ọjọ́ yìí, mo ń pè é ní àlejò.

Màmá Ẹyẹ ò sunkún. Ó ní, "Ṣé ó ga?"

"Ó ga, mà."

"Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?"

Èmi ni mo dáhùn, torí mo rántí rẹ̀. Á gbé mi lé èjìká, á máa rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi mú un.

"Àádọ́ta ọdún," ni Màmá Ẹyẹ wí. "Àádọ́ta ọdún ni ìyá mi àgbà fi sunkún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn ńkọ́? Níbo lẹ sin ín sí?"

Kábíyèsí tọ́ka sí ibojì kan náà. Úna ni wọ́n kọ́kọ́ sin síbẹ̀. Féichín fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n sin òun tì í.

Màmá Ẹyẹ ti ìgò padà sínú àpò. "Mi ò ní da ìyá mi àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ olè."

Ẹkún ni mo ń sun, mi ò sì mọ èwo nínú àwọn ìyá méjèèjì ni mo ń sun ún fún.

Kábíyèsí kúnlẹ̀ tòun ti kóòtù Máàsì. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé koríko, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jí àgbàlagbà lójú oorun.

"Màmá Úna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ìyá ọmọ ti dé."

Màmá Ẹyẹ yọ ìgò jáde, ó ní kí n bá òun ṣí i, pé ìdérí rẹ̀ le.