Ìdí Arúgbó Kò Ní Jẹ́ Orúkọ Mìíràn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ta kò yín ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń kọ orúkọ òkè sára pátákó fún àwọn àlejò dé abúlé wa. Wọ́n pèpàdé sí ọgbà iléèwé. Olórí wọn ní Ìdí Arúgbó kì í ṣe orúkọ téèyàn ń kọ síta, pé Colline de l'Espoir, Òkè Ìrètí, ló yẹ òkè wa. Mo ní a ò gbà. Ló bá fa ìwé kan yọ látinú dọ́síẹ̀ rẹ̀.

"Madame, bàbá yín gan-an ló kọ̀wé pé ká yí i padà."

Mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé yín mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ta ló tún ń fa ìlà méjì sábẹ́ gbogbo orúkọ? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fi orúkọ òkè yẹn ṣe yín yẹ̀yẹ́ níléèwé ní Dassa, títí ẹ fi ń purọ́ pé ọmọ ìlú Paouignan ni yín. Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹ máa wúkọ́, kí ẹ máa wá fìlà yín kiri, nígbàkigbà tí mo bá béèrè ibi tí orúkọ náà ti wá?

Ojú tì mí, àánú yín sì ṣe mí. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ mo dìde.

"Bàbá mi ṣì í," ni mo wí. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ nípa yín rí.

Mo wá ròyìn fún wọn ohun tí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó wà ní Tré sọ fún mi lẹ́yìn ìsìnkú yín. Nígbà tí àwọn tó ń kó èèyàn lẹ́rú dé, àwọn ọmọ sá wọ ihò àpáta. Arúgbó kan tí kò lè gun òkè mọ́ tẹ́ aṣọ sẹ́nu ihò náà, ó fìdí lé e. Wọ́n nà án, kò dìde. Ta ló fẹ́ ra arúgbó? Wọ́n fi í sílẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ inú ihò yẹn ló bí wa, Bàbá, títí kan ẹ̀yin.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín," ni mo ní, "ìdí yẹn ló jẹ́ kí ẹ wà láyé!"

Àgbẹ̀ àgbà kan ní òun mọ ihò náà, la bá gun òkè lọ síbẹ̀. Olórí náà ki apá bọ ihò náà títí dé èjìká, ọwọ́ rẹ̀ ò kan ìparí. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọ̀dà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe ń kọ Arúgbó?"

Pátákó náà ti wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in lọ. Mi ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mi ò sì ní tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí: mi ò tíì dáyé nígbà tí wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ǹ bá ti bá wọn jà.

Ọmọ yín olóríkunkun, tó fẹ́ràn yín púpọ̀.