Ayálégbé Orí Ìka Ẹsẹ̀ Mi

Ajé, 2 Oṣù Kejìlá 2024
Kókó orí ìka ẹsẹ̀ mi tó kéré jù tún ti jí. Ó le bí èkùrọ́. Ayálégbé ni mo sọ ọ́ — kò jẹ́ kí n sinmi, kò sì fẹ́ kó jáde. Bàtà pupa tí Mùsíò fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn ló gbà á sílé. (Ọkọ mi ni Mùsíò. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Bàtà náà rẹwà o! Àmọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó ọ̀ṣìngín ló rà á fún. Ẹsẹ̀ ọlọ́mọ mẹ́ta ni mo ní báyìí. Mi ò tíì sọ fún un. Kó má lọ sọ pé ẹsẹ̀ tí òun gbé níyàwó kọ́ nìyí.

Ẹtì, 6
Mùsíò pè. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń bọ̀ wálé! Ó ní kí n wọ bàtà pupa wá pàdé òun ní gáréèjì. Mo ní ó dáa. Yéè, mo gbé!

Àbámẹ́ta, 7
Àǹtí Sìkírátù, télọ̀ iwájú ilé wa, ní àwọn á bá mi fi bíléèdì gé e. Bíléèdì tí wọ́n fi ń tú aṣọ! Mo ní ẹ ṣeun, mo sá wọlé. Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe bùbá.

Ajé, 9
Nọ́ọ̀sì tí mo lọ bá ní mi ò gbọdọ̀ gé e. Kí n máa ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n máa fi òkúta ìfọsẹ̀ ha á díẹ̀díẹ̀. Ó wo bàtà, ó wo ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá lé e jáde lónìí, bàtà yìí á tún gbà á padà lọ́la. Òótọ́ korò.

Ọjọ́bọ̀, 12
Ó ń rọ̀! Mo ń ha, mo ń kọrin. Àwọn ọmọ ní kí ló ń ṣe màmá.

Àbámẹ́ta, 14
Mo lẹ pílásítà mọ́ ọn, mo wọ bàtà. Adìyẹ bà lókùn — ara ò rọ ẹsẹ̀, ara ò rọ bàtà. Bí Mùsíò ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ bàtà jù sílẹ̀, tí mo sáré lọ dì mọ́ ọn. Gbogbo gáréèjì hó yèè. Ó rí pílásítà.  Àyà mi já.

Àìkú, 15
Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Mùsíò mú bàtà tuntun jáde. Ìwọ̀n kan náà! Mo bú sẹ́kún. Mo ní, Bàbá Ooreọ̀fẹ́, kò gbà mí mọ́, ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kọ́ lẹ bá.  Ó wá lọ mú páálí, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, ó fi bírò yí ẹsẹ̀ mi ká. Tó dé ọ̀dọ̀ Ayálégbé, ó rọra ṣe é. Mo bi í bóyá ó fẹ́ fi ra òmíràn bó bá padà dé Àbíjàn. Ó ní rárá o, Ádámù tó ń ṣe bàtà ní Màsífà nítòsí wa lòun ń gbé e fún. Òun ò padà sí Àbíjàn mọ́.

Mo ki ẹsẹ̀ bọ inú abọ́ omi mi, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Ayálégbé ń kó lọ. Onílé dé.